Ọ̀nà sí Iṣẹ́ Panápaná: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

Nígbà tí a fi lé wa lọ́wọ́ pé kí a bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí ènìyàn lè yàn láàyò, a rò ó pé àwọn tí yóò sọ ti dókítà, ti amòfin àti ti olùkọ́ kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí gbogbo ìlú máa ń fi igbe pè ní ọjọ́ ìpọ́njú, tí a sì máa ń gbàgbé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Iṣẹ́ panápaná ni. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí a ti ń wọ inú rẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ní lọ́wọ́ kí wọn tó pe orúkọ rẹ̀.

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà dára, ó sì ti tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ilé ọba ni òwe náà dárúkọ. Ọba ní gbogbo ìlú tí yóò bá a tún ilé rẹ̀ kọ́. Obìnrin tí ó yá owó ra aṣọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà, tí iná sì jó ìsọ̀ náà ní òru ọyẹ́, ta ni yóò bu ẹwà sí tirẹ̀? Ọmọ tí èéfín pa mọ́ inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹwà wo ni yóò dí àyè rẹ̀? Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ panápaná fi wà.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí koríko àti ewé ni a fi ń bo ilé, gbogbo ọmọ ìlú ni panápaná. Bí iná bá sọ, àwọn kan a bu omi, àwọn kan a gun orí ilé tí ó súnmọ́ ọn lọ láti ya koríko rẹ̀ dànù, kí iná má baà rí ọ̀nà kọjá. Nígbà tí Èkó di ìlú ńlá, ìyẹn kò tó mọ́. Ní ọdún 1901 ni a dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní Èkó lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá. Ní ọdún 1963 ni òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ẹsẹ̀ Iléeṣẹ́ Panápaná ti Ìjọba Àpapọ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1972 ni Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí ní tirẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn bí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì ní tiwọn pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ yìí kò wá ohun àjèjì. Ó ń wá láti fi ẹ̀kọ́ àti owó oṣù ṣe ohun tí baba ńlá rẹ̀ fi ìfẹ́ aládùúgbò ṣe.

Bí àwa bá bi ọ̀dọ́ kan pé kí ni ó nílò láti di panápaná, yóò sábà dáhùn pé, ìgboyà. Kò ṣìnà pátápátá, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀. Ìgboyà tí kò ní ìmọ̀ a máa pa ẹni tí ó ní in, a sì máa pa ẹni tí ó tẹ̀ lé e wọlé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni èyí: ìgbáradì ni ìyá ìgboyà panápaná, ìgbáradì yìí sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé, ọ̀pọ̀ ọdún kí ènìyàn tó wọ aṣọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ iná fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí í bá ọ̀tá tí kò mọ̀ jà kí ó ṣẹ́gun. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí iná tó lè jó: ohun tí yóò jẹ, ooru tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tí yóò máa mí. Mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iná kú. Omi a máa mú ooru kúrò. Iyanrìn tàbí aṣọ tútù tí ó nípọn a máa sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá sì ti ẹnu sìlíńdà gáàsì ti gba oúnjẹ lẹ́nu iná náà. Ẹ̀kọ́ yìí rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni ìyè àti ikú wà. Bí òróró bá gbiná nínú agbada dídín, ẹni tí kò mọ̀ yóò sáré da omi sí i. Omi wúwo ju òróró lọ; yóò rì sí ìsàlẹ̀, yóò hó lójú ẹsẹ̀, yóò sì di oru tí ó fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700 omi tí a dà sí i. Oru náà ni yóò gbé òróró tí ń jó fò sí ojú ẹni tí ó dà á. Ideri ìkòkò lásán ìbá ti pa iná náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì ìdáná: ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ó bá jò, ilẹ̀ ni yóò sùn sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ tan iná mànàmáná, kò sì gbọdọ̀ pa èyí tí ó ti ń tàn, nítorí ìtapàrà kékeré inú rẹ̀ tó láti gbé ilé náà lọ. Kí ó ti ẹnu sìlíńdà bí ó bá lè dé ibẹ̀ láìléwu, kí ó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ó sì kó ará ilé jáde. Ọ̀dọ́ tí ó bá mọ nǹkan wọ̀nyí, tí ó sì ti kọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ panápaná, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tíì fún un ní aṣọ.

Nígbà tí ilẹ̀ wa wà lábẹ́ ìjọba Britain ni ètò ẹgbẹ́ panápaná wọ Èkó. Nítorí náà kò burú bí a bá wo bí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1824, ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí à ń pè ní James Braidwood ṣe olórí panápaná wọn. Ẹni ọdún 24 péré ni. Kò pẹ́ tí ó gba iṣẹ́ náà tí iná ńlá fi sọ ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, tí ó jó fún ọjọ́ mélòó kan, tí ó sì run ọ̀pọ̀ ilé. Kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní tí ìlú fi gbẹ́kẹ̀ lé e? Ó ti kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ó mọ bí òrùlé ti í jókòó lórí ògiri, ó sì mọ àmì ògiri tí ó fẹ́ wó. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà sì kó jọ: káfíńtà, bíríkìlà, àwọn tí ń bo òrùlé, àti àwọn tí ń ṣe páìpù omi. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe dúró ní ìta máa da omi sí èéfín, bí kò ṣe kí wọ́n wá ibi tí iná náà gbé fìdí múlẹ̀, kí wọ́n sì bá a jà níbẹ̀. Ní ọdún 1833, ó di olórí ẹgbẹ́ panápaná tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀ ní London. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1861, níbi iná Tooley Street ní ìlú náà, ògiri wó lù ú, ó sì kú lẹ́nu iṣẹ́. A sọ ti ikú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìmọ̀ a máa mú ewu kúrò pátápátá. Ìmọ̀ a máa dín ewu kù ni, ẹni tí ó bá sì yan iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé.

Ǹjẹ́ kí ni kí ọ̀dọ́ ṣe nísinsìnyí? Èkíní, kí ó tọ́jú ara rẹ̀. Kí ó máa sáré, kí ó máa gun àtẹ̀gùn, kí ó kọ́ láti lúwẹ̀ẹ́, kí ó sì jìnnà sí sìgá, igbó àti ọtí líle. Èkejì, kí ó ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ mànàmáná, iṣẹ́ páìpù, iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ mọ́tò wúlò níbi iná ju ẹni tí ó mọ ìwé nìkan lọ. Ẹni tí ó bá sì lè wa ọkọ̀ ńlá, tí ó ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ti ní àǹfààní kan lórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ́ bí a ti ń ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó farapa. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa a máa kọ́ni. Ẹ̀kẹrin, kí ó má fi ìwé rẹ̀ ṣeré, nítorí ẹni tí kò lè ṣírò kò lè mọ iye omi tí ó kù nínú ọkọ̀ àti iye ìṣẹ́jú tí yóò fi tán.

Ọ̀nà àtiwọ iṣẹ́ náà kò pamọ́. Ti ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, ìgbìmọ̀ kan náà tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ààbò ará ìlú, iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àti iṣẹ́ aṣọ́bodè ni ó ń gba ti panápaná pẹ̀lú. Nígbà tí àyè bá ṣí, wọn a kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó ti pé ọdún 18. Wọn a sì tún máa fi òpin sí ọjọ́ orí, tí kì í sábà jìnnà sí 30 ọdún. Nínú àwọn ìkéde tí ó ti jáde, a bi ọkùnrin ní gíga mítà 1.65, a sì bi obìnrin ní mítà 1.60. Ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga oníwèé mẹ́wàá, tí ó yege dáadáa nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tàbí ti ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde lè bẹ̀rẹ̀ ní ipò àárín. Ẹni tí ó ní oyè yunifásítì lè bẹ̀rẹ̀ ní ipò ọ̀gá. Dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì wádìí ìwà rẹ̀, bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Kí olúkúlùkù ka ìkéde ọdún tirẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn òfin wọ̀nyí a máa yí padà. Bí ti ìjọba àpapọ̀ kò bá sì ṣí, kí ó wo ti ìpínlẹ̀ rẹ̀, ti pápá ọkọ̀ òfuurufú, ti èbúté, àti ti àwọn ilé iṣẹ́ epo, nítorí gbogbo wọn ni ó ń gba panápaná.

Ní ibí yìí a ní ọ̀rọ̀ kan tí a kò ní fi pamọ́. Ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni. A kì í san kọ́bọ̀. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń bẹ tí wọ́n ń lọ káàkiri láti gba owó lọ́wọ́ òbí pé àwọn yóò fi ọmọ wọn sí i. Òbí mìíràn a ta ilẹ̀, a jẹ gbèsè, owó a sì lọ gbé. Bí ó bá tilẹ̀ bọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ẹni tí kò lè gun àkàsọ̀, tí a fi owó sọ di ẹni tí ó lè gùn ún nínú ìwé, ní ọjọ́ tí ọmọ bá ń ké ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, owó ni yóò ha gùn ún bí? Àyè tí ó gbà jẹ́ àyè ẹlòmíràn tí ìbá gba ọmọ náà là. Nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ra iṣẹ́ yìí fún ọmọ yín.

Ẹni tí a bá gbà yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Sheda, ní agbègbè Àbújá. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná. Wọn yóò kọ́ ọ láti dìde ní kùtùkùtù, láti gbọ́ àṣẹ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì ṣe é, láti na rọ́bà omi kí ó sì tún un ká, láti so okùn ní òkùnkùn, àti láti gbé ènìyàn sí èjìká sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ, akoto, bàtà àti ìgò afẹ́fẹ́ tí yóò gbé sẹ́yìn lè wọ̀n ju kìlógíráàmù 20 lọ, afẹ́fẹ́ inú ìgò náà kì í sì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kára. Wọn yóò kọ́ ọ láti rákò nínú èéfín, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó sàn díẹ̀ wà nísàlẹ̀, àti láti má ṣe wọlé ní òun nìkan. Wọn yóò kọ́ ọ pé bí ooru abẹ́ àjà bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 600 ti Celsius, gbogbo ohun tí ó wà nínú yàrá lè gbiná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà àkókò àtijáde wà tí kò gbọdọ̀ fò ó. Wọn yóò sì kọ́ ọ pé ẹ̀mí ni àkọ́kọ́, ẹrù ni ìkẹyìn. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku.

Ewu mìíràn ń bẹ tí kì í pariwo. Èéfín ń pa ènìyàn níbi iná ju ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2022, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé iṣẹ́ panápaná wà lára ohun tí ó ń fa àrùn náà fún àwọn tí ń ṣe é. Nítorí náà, panápaná tí ó bá fi èérí àti èédú iná sára aṣọ rẹ̀ bí ẹni pé ohun ọ̀ṣọ́ ni, ń pa ara rẹ̀ ni. Kí ó fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó wẹ̀ kí ó tó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó má sì bọ́ ìbomú rẹ̀ kúrò nítorí pé ọwọ́ iná ti lọ sílẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ìṣọ́ra.

A gbọ́dọ̀ sọ ti ìrora ọkàn pẹ̀lú. Panápaná a máa dé nígbà mìíràn kí àwọn ènìyàn sọ òkúta lù ú. Wọn yóò wí pé ó pẹ́, wọn yóò wí pé kò gbé omi wá. Bóyá ẹnikẹ́ni kò pè é títí iná fi gba òrùlé. Bóyá mọ́tò tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti ìsọ̀ tí a nà sí ojú títì ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀sùn náà a jẹ́ òótọ́, nítorí ọkọ̀ kò tó, omi kò sì tó. Ọ̀dọ́ tí kò lè gba èébú kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ kò tíì yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ń sọ òkúta náà, ọjà rẹ̀ ni ó ń jó. Ẹkún ni ó ń fi òkúta sun. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nílé pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwa. Nọ́ńbà 112 ni a fi ń pe ìrànlọ́wọ́. Ní Èkó, 767 wà pẹ̀lú. Kí gbogbo ọmọ inú ilé mọ̀ ọ́n, kí a pè é kí iná tó di ńlá, kí a sọ orúkọ àdúgbò àti àmì tí a lè fi mọ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣeré.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ má ṣe rò pé a ti yọ yín sílẹ̀. Iléeṣẹ́ Panápaná ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní obìnrin rí gẹ́gẹ́ bí olórí, ìyẹn ni Margaret Adeseye, ẹni tí ìlú mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ọdún 2021. Iná kì í bi ẹni tí ó fẹ́ pa á bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀rù ń bà, a kò ní sọ pé ẹ̀rù yín kò nídìí. A kàn ń rán yín létí pé ọmọ ẹnìkan ni yóò wá ní ọjọ́ tí tiwa bá ń jó.

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ̀ lọ́kàn, kí ó má dúró de ìkéde ìjọba. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó wo ilé ìdáná ìyá rẹ̀: níbo ni sìlíńdà gáàsì wà? Ta ni ó ń kó epo bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀? Wáyà wo ni ó ti bó? Ilẹ̀kùn wo ni kò ṣeé ṣí ní òru? Kí ó tún èyí tí ó lè tún ṣe, kí ó sì pe àgbà sí èyí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Iná tí kò sọ rárá ni ó dára jù nínú gbogbo iná tí a pa, ẹni tí ó bá sì dá a dúró kì í gba àmì ẹ̀yẹ, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bí ó bá lè ṣe èyí láìsí ìyìn, a lè fi ọkọ̀ panápaná lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ iwájú. Kí Ọlọ́run dáàbò bo ilé gbogbo wa, kí ó sì fún àwọn tí ń sáré lọ síbi tí àwa ń sá kúrò ní agbára àti ìpadàbọ̀ ayọ̀.